Gumbo àwọn ará Louisiana: báwo ni ẹ ṣe ń sè é, ọwọ́ ta ni ó sì ti wá?

Ìyá Ìbejì Houston:

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé ìdáná. Mo ní aládùúgbò kan níbí ní Houston tí ó jẹ́ ọmọ bíbí Louisiana, ìyá àgbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ní ọjọ́ kan tí mo se ilá àsèpọ̀, mo gbé abọ́ kan fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì ní ìyá ìyá òun máa ń se ohun kan tí ó fara jọ ọ́, gumbo ni wọ́n ń pè é. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń rọ̀ mí pé kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é, ó sì ti dá ọjọ́ fún mi: ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sí i, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá pé jọ, èmi yóò se ìkòkò kan, òun náà yóò se ìkòkò kan.

Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Fùláwà tí wọ́n ní kí a yan nínú òróró, èyí tí wọ́n ń pè ní rúù, ni kò gbọ́ tèmi. Nígbà àkọ́kọ́, ó jóná, gbogbo ọbẹ̀ sì korò. Nígbà kejì, ẹ̀rù iná bà mí, mo tètè bu omi sí i, ọbẹ̀ náà wá funfun bí ẹ̀kọ mímu, òórùn fùláwà tútù kò sì kúrò nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mo tún fẹ́ mọ ìtàn oúnjẹ náà, nítorí n kò fẹ́ jókòó nídìí tábìlì ìyá yìí kí n máa jẹ ohun tí n kò mọ ibi tí ó ti wá.

Alásè Baton Rouge:

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín jù, nítorí n kò tíì rí alásè kan ní ìpínlẹ̀ yìí tí rúù kò jóná mọ́ lọ́wọ́ rí. Ọdún 11 nìyí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná ní Louisiana, rúù sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi fi kọ́ mi.

Ìwọ̀n òróró àti ìwọ̀n fùláwà gbọ́dọ̀ dọ́gba: ife òróró kan sí ife fùláwà kan yóò tó ìkòkò tí ènìyàn mẹ́jọ sí mẹ́wàá yóò jẹ. Ìkòkò irin tí ìdí rẹ̀ nípọn ni kí ẹ lò, kí iná rẹ̀ má sì ju ìwọ̀nba lọ. Láti ìgbà tí fùláwà bá ti wọ inú òróró gbígbóná ni ẹ kò ti gbọdọ̀ gbé ọwọ́ kúrò mọ́. Omorógùn pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi máa ha ìdí ìkòkò náà yí ká, bí ẹni ń ro àmàlà, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, nígbà mìíràn fún ìṣẹ́jú 45. Bí fóònù bá dún, ẹ jẹ́ kí ó máa dún.

Àwọ̀ rẹ̀ ni ẹ óò máa wò. Yóò kọ́kọ́ rí bí iyanrìn, lẹ́yìn náà bí ẹ̀pà yíyan, òórùn rẹ̀ pàápàá yóò sì di ti ẹ̀pà tí wọ́n ń yan. Lẹ́yìn èyí ni yóò pọ́n bí kọ́bọ̀ àtijọ́, kí ó tó wá dúdú bí ṣokoléètì. Ibi tí ó ti ń kúrò ní pípọ́n lọ sí dúdú yìí ni ewu wà, nítorí kò ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ láàárín èyí tí ó dára jù lọ àti èyí tí ó ti jóná. Bí ẹ bá rí ohun dúdú wínníwínní nínú rẹ̀, ẹ dà á nù kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sí iyọ̀ tàbí ata tí ó lè bo ìkorò yẹn mọ́lẹ̀.

Àlùbọ́sà ni yóò gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ tó dáná rárá ni kí ẹ ti gé àlùbọ́sà, sẹ́lẹ́rì àti tàtàṣé aláwọ̀ ewé sílẹ̀, kí àlùbọ́sà tó ìlọ́po méjì ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn yòókù. Mẹ́talọ́kan Mímọ́ ni àwọn ará ibí ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí rúù bá ti dé àwọ̀ tí ẹ fẹ́, ẹ da gbogbo wọn sí i lẹ́ẹ̀kan náà: yóò hó ṣàà, omi ara wọn yóò sì mú gbígbóná òróró náà wálẹ̀ kí ó má baà dúdú kọjá ààlà. Ìgbà náà ni ẹ óò wá máa bu omi ẹran sí i díẹ̀díẹ̀, adìẹ àti sọ́séèjì andouille tí wọ́n ti fi èéfín yan yóò tẹ̀ lé e, tàbí akàn àti edé bí ó bá jẹ́ ti inú omi ni ẹ fẹ́. Edé ni kí ó kẹ́yìn pátápátá. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó o.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: bí rúù bá ṣe dúdú tó ni agbára rẹ̀ láti mú ọbẹ̀ ki ṣe ń dínkù tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ilá sí i, tàbí fílè, ìyẹn ewé igi sássáfrásì tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n sì lọ̀ kúnná. Bí ó bá jẹ́ ilá, ẹ kọ́kọ́ dín in nínú agbada lọ́tọ̀ títí yíyọ̀ rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀, nítorí àwọn ará ibí kò fẹ́ kí ó máa fà bí tiwa. Ẹ má ṣe fi kán-ún súnmọ́ ọn. Bí ó bá sì jẹ́ fílè, ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ kí ẹ tó wọ́n ọn sí i. Fílè tí ó bá hó lórí iná yóò fà bí okùn, ọbẹ̀ náà kò sì ní ṣeé jẹ.

Ọmọ Ìlẹ̀ṣà:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Alásè, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọbẹ̀ ilá wa ni gumbo. Àwọn baba ńlá wa ni wọ́n kó lọ sí ibẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n gbé ilá lọ, wọ́n sì ń sè é bí wọ́n ṣe ń sè é nílé. Òyìnbó kàn fi fùláwà kún un ni. Kí ló dé tí a fi ń lọ kọ́ oúnjẹ wa lọ́dọ̀ wọn bí ẹni pé a kò mọ̀ ọ́n rí?

Olùkọ́ Ìtàn, Ìbàdàn:

Àbúrò mi, mo mọ ohun tí ó ń bí ọ nínú, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ sì jẹ́ òtítọ́ tí kò ṣeé jà níyàn. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ilá ti wá, ọwọ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni ó sì ti wọ ìkòkò Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n wo orúkọ rẹ̀ dáadáa. Gumbo wá láti inú èdè àwọn ará Bàǹtú tí ó wà ní apá Kóńgò àti Àǹgólà, níbi tí wọ́n ti ń pe ilá ní kingombo. Okra tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é sì jọ ọ́kwụ̀rụ̀ tí àwọn Ígbò ń pè é. Orúkọ méjì ni ilá gbé dé Amẹ́ríkà, èyí tí ó wà lẹ́nu wa kò sí nínú méjèèjì.

Èyí kò ṣẹlẹ̀ lásán. Àwọn ará Faransé ni wọ́n tẹ New Orleans dó ní 1718, ọkọ̀ ojú omi tí ó kọ́kọ́ kó àwọn ará Áfíríkà dé Louisiana gúnlẹ̀ ní 1719, nínú àwọn tí wọ́n kó lọ lábẹ́ ìjọba Faransé sì ni àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáńbíà ti pọ̀ jù. A rí orúkọ Nàgó, tí wọ́n fi ń pe Yorùbá nígbà náà, nínú ìwé àkọsílẹ̀ Louisiana, nítorí náà àwọn èèyàn wa dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó àwọn yòókù. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́ tí ogun sì tú ilẹ̀ Yorùbá ká, tí wọ́n wá ń kó àwọn èèyàn wa lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, Amẹ́ríkà ti fi òfin dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́ kíkó ẹrú wọlé láti 1808. Kúbà àti Bùràsílì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ara wọn. Bí a bá sọ pé tiwa nìkan ni gumbo, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà àti ọmọ Kóńgò tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà ni a ń fi ọ̀rọ̀ wa gbé pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo fílè tí Alásè mẹ́nu kàn. Àwọn Choctaw, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ni wọ́n fi ewé sássáfrásì lílọ̀ hàn àwọn àjèjì, kombo sì ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé ibẹ̀ ni orúkọ ọbẹ̀ náà ti wá. Ní tèmi, ti Bàǹtú ni mo fara mọ́, nítorí pé gombo náà ni àwọn ará Faransé ń pe ilá títí di òní. Rúù jẹ́ ti ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n ti wọn nílé kì í sábà dúdú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn Cajun, tí Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò ní Akádíà ní ilẹ̀ Kánádà bẹ̀rẹ̀ láti 1755, ni wọ́n wá tẹ ìgbèríko ibẹ̀ dó, gumbo tiwọn kì í sì í ní tòmátì nínú, nígbà tí àwọn Creole, ìyẹn àwọn ìran tí ó ti wà nínú New Orleans láti ìgbà ìjọba Faransé àti ti Spéènì, máa ń fi í sí tiwọn. Nígbà tí ó fi máa di 1803, wọ́n ti ń gbé e kalẹ̀ fún àlejò níbi àsè gómìnà ní New Orleans.

Ohun tí ó ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé a mọ gómìnà tí ó jẹ ẹ́, a kò mọ obìnrin tí ó sè é. Ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tí orúkọ wọn kò sọnù ni Abby Fisher, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní South Carolina, tí ó sì kó lọ sí San Francisco lẹ́yìn òmìnira. Kò mọ̀wé kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Ó ń fi ẹnu sọ bí ó ṣe ń se oúnjẹ, àwọn ẹlòmíràn ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1881. Gumbo onílá wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìlẹ̀ṣà:

Ẹ ṣeun, sà. Mo gba ti orúkọ náà, n kò sì mọ ti 1808 tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, bí àwọn tiwa bá gba Kúbà àti Bùràsílì lọ, níbo ni ilá tiwọn wà?

Ará Salvador:

Mo kí gbogbo ilé o. Ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Bùràsílì, ni mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí. Ilá tí ẹ ń béèrè wà níwájú Ṣàngó. Níbí, nínú ilé àwọn abọ̀rìṣà, ohun tí wọ́n ń pè ní àmàlà Ṣàngó kì í ṣe èlùbọ́ tí a rò. Ọbẹ̀ ilá gan-an ni, tí wọ́n fi epo pupa àti edé gbígbẹ sè. Orúkọ òkèlè ti kó lọ bá ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi jẹ ẹ́. Bákan náà, nínú oṣù Kẹsàn-án, wọ́n máa ń se ilá tí wọ́n ń pè ní kàrúrú fún Ìbejì, àwọn ọmọdé méje ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún. Ní Kúbà, Ṣàngó náà ni wọ́n ń se ilá fún, ṣùgbọ́n orúkọ Bàǹtú yẹn náà ni ó mú níbẹ̀, kimbombó.

Epo pupa ni ìyàtọ̀ tí ó hàn sí mi jù. Ó wà nínú ìkòkò Bahia, kò sí nínú ti Louisiana.

Àdùkẹ́ Charleston:

Ẹ jọ̀wọ́, kí a tó kúrò lórí ìtàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ mi, nítorí ìrẹsì ni wọ́n ń da gumbo lé, ìrẹsì náà sì ní ìtàn tirẹ̀. Etíkun South Carolina yìí ni wọ́n ti gbin ìrẹsì tí ó sọ Charleston di ọlọ́rọ̀ ṣáájú ogun òmìnira Amẹ́ríkà. Láti etíkun tí ìrẹsì ti pọ̀, láti Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáńbíà títí dé Sàró, ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n mọ bí a ti ń dá omi sí oko ìrẹsì àti bí a ti ń dá a dúró. Inú ẹrẹ̀ àti ẹ̀fọn ni wọ́n ti gbin ín, odó ni wọ́n fi gún un, ẹ̀mí tí ó sì bá iṣẹ́ náà lọ kò lóǹkà.

Àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n ń pè ní Gullah tàbí Geechee, ṣì wà níbí. Mo ra atẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ìrẹsì lọ́wọ́ ìyá kan lẹ́bàá ọ̀nà. Koríko olóòórùn dídùn ni wọ́n ká yípo yípo, wọ́n sì fi imọ̀ ọ̀pẹ rán ìká kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì. Nígbà tí mo gbé e sókè, mo rò pé ìyá mi àgbà ni mo tún rí, tí ó ń fẹ́ ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Oúnjẹ tí mo bá yín mú wá láti ọ̀dọ̀ wọn ni Hoppin' John: ẹ̀wà àti ìrẹsì tí wọ́n jọ sè pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ pa. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀fọ́, wọ́n ní ẹ̀wà náà dúró fún owó onírin, ẹ̀fọ́ sì dúró fún owó bébà. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Charleston ní 1847 ti sọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Wọ́n tún ní ìrẹsì pupa, tí wọ́n fi tòmátì sè, tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá tọ́ wò, kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Irúfẹ́ ìrẹsì tí wọ́n ń gbìn níjọ́un, Carolina Gold, fẹ́rẹ̀ẹ́ parun pátá lẹ́yìn ìjì líle 1911, àfìgbà tí dókítà ojú kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín padà ní àwọn ọdún 1980 kí pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ lè máa wá sínú ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá a rà bí ẹ bá lè rí i, ṣùgbọ́n ó wọ́n.

Alásè Baton Rouge:

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì yìí rán mi létí kálà. Ìrẹsì àná tí ó ṣẹ́kù ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ẹyin, fùláwà, ṣúgà àti ìwúkàrà, wọ́n á dín in nínú òróró bí ẹni ń dín àkàrà, wọ́n á sì wọ́n ṣúgà sí i lórí. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ni wọ́n máa ń gbé e sórí kiri ìgboro New Orleans, tí wọ́n ń polówó rẹ̀ ní èdè Faransé pé ó gbóná fẹlifẹli. Nígbà tí Louisiana bọ́ sábẹ́ ìjọba Spéènì lẹ́yìn ti Faransé, òfin gbà pé kí ẹrú lè ra ara rẹ̀ padà, àwọn kan nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí sì fi owó kálà tu ara wọn àti ọmọ wọn sílẹ̀. Mo máa ń dín in fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi ní ọjọ́ Àìkú, n kì í sì í dín in kí n má sọ ìtàn yẹn fún wọn.

Mà, ẹ tún bi ìyá náà bóyá wọ́n máa ń se gumbo eléwé nílé wọn. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì Rere ni wọ́n máa ń sè é, oríṣiríṣi ẹ̀fọ́ ni wọ́n sì ń kó sí i. Wọ́n ní iye ewé tí ènìyàn bá fi sí i ni iye ọ̀rẹ́ tuntun tí yóò ní lọ́dún náà. Leah Chase, tí ó kú ní 2019, ni gbogbo New Orleans mọ̀ mọ́ ọn. Ilé oúnjẹ ìdílé ọkọ rẹ̀, Dooky Chase's, ti wà láti 1941, òkè ilé náà sì ni àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú ti máa ń pàdé nígbà tí òfin kò gbà kí dúdú àti funfun jókòó pọ̀ jẹun. Nídìí abọ́ gumbo ni wọ́n ti ń jíròrò.

Ìyá Ìbejì Houston:

Ẹ kú àdúrótì, gbogbo yín. Sátidé náà ti kọjá, mo sì ṣe ìlérí pé n óò wá jábọ̀.

Mo ro rúù náà fún ìṣẹ́jú 40. Òórùn ẹ̀pà yẹn jáde lóòótọ́, bí Alásè ṣe wí. Nígbà tí ó pọ́n bí kọ́bọ̀, ẹ̀rù tún bà mí, mo fẹ́ da àlùbọ́sà sí i, ṣùgbọ́n ìyá náà tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ọwọ́ bo abọ́ àlùbọ́sà, ó ní kò tíì tó. Ó ní kí n máa rò ó lọ. Ó yọ ṣíbí kan láti inú ìkòkò tirẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi kí n lè fi àwọ̀ méjèèjì wéra. Ìgbà tí wọ́n dọ́gba ni ó gbé ọwọ́ kúrò.

Mo sọ ohun tí Olùkọ́ kọ síbí fún un, ti kingombo àti ti àwọn Choctaw. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìyá ìyá òun máa ń fi ilá sí i, nígbà òtútù tí ilá kò sí lóko ni ó máa ń lo fílè, kì í sì í lo méjèèjì pọ̀ rárá. Ọmọ Choctaw kan tí ń kiri ọjà ni ó ń ra fílè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo béèrè gumbo eléwé, ó sì ka ewé rẹ̀ fún mi lórí ìka: méje. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin bu sàláàdì ọ̀dùnkún sí àárín gumbo tirẹ̀ dípò ìrẹsì, mo sì rò pé àṣìṣe ni, àfìgbà tí mo rí i pé àwọn mẹ́ta mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà tọ́ ọ wò. Ó bá a mu gan-an, nítorí tútù rẹ̀ ń pa gbígbóná ọbẹ̀ náà.

Ìkòkò tèmi kò tán bí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí ó tán. Ìyá náà ní kí n má ṣe kánjú jẹ èyí tí ó ṣẹ́kù, nítorí gumbo máa ń dùn sí i bí ó bá sùn mọ́jú. Mo gbé e kaná ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ó rí.